Àrẹ̀mú kì í ṣe "àárẹ̀ mú": lórí ìtumọ̀ àwọn orúkọ ọkùnrin tó ṣọ̀wọ́n

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní Àrẹ̀mú túmọ̀ sí pé àárẹ̀ mú ìyá ọmọ kó tó bí i. Àwọn mìíràn ń dá a lábàá pé kí ìdílé tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúntókun yọ Ọ̀ṣun kúrò, kí wọ́n fi Olú sí i, kí orúkọ náà lè bá ẹ̀sìn wọn mu. Òṣogbo níbí, àbá kejì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí orúkọ Ọ̀ṣun ṣì wà nílé Mùsùlùmí, ó wà nílé Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Àrẹ̀mú. Orúkọ oríkì ni, orúkọ oríkì ọkùnrin sì ní bó ṣe máa ń rí: À ló ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan á tẹ̀ lé e, òmíràn á parí rẹ̀. À-jà-ní, à-jà-gbé, à-jà-mú, à-yìn-dé. Ohùn wọn kì í sábà yà: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ẹni tó bá pe Àjàgbé, Àyìndé àti Àrẹ̀mú tẹ̀ léra á gbọ́ pé ohùn kan náà ni. "Rẹ̀" tó wà láàárín ni "rẹ̀" inú ìrẹ̀lẹ́kún, èyí tí a ń lò bí a bá ní kí wọ́n rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọmọ tí a rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni Àrẹ̀mú. Àárẹ̀ ní fáwẹ̀lì gígùn níbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọmọ ní Àárẹ̀mú. Bákan náà, "àárẹ̀ mú" kò tíì parí gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn, àbọ̀ ń dúró: àárẹ̀ mú ta ni? Ká tiẹ̀ pa gírámà tì, oríkì la fi ń kí ọmọ láàárọ̀ nígbà tó bá dọ̀bálẹ̀, òun la fi ń mú orí rẹ̀ wú. Ta ló máa fi àárẹ̀ kí ọmọ rẹ̀?

Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bóyá oríkì jẹ́ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, pé "kẹ́" ni ti obìnrin. Ìdajì òótọ́ ni. Bí "kẹ́" bá wà níbẹ̀, obìnrin ni: Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àlàkẹ́. Ṣùgbọ́n "bí" àti "ní" ń ṣe tọ̀tún tòsì. Àlàbí àti Àkànbí jẹ́ ọkùnrin, Àbẹ̀bí jẹ́ obìnrin. Àjàní jẹ́ ọkùnrin, Àbẹ̀ní àti Àdùnní jẹ́ obìnrin. Níbi tí ìparí bá ti jọra báyìí, ọ̀rọ̀-ìṣe àárín ni ká wò. Jà, kàn, yìn àti dì sábà ń wà lọ́dọ̀ ọkùnrin. Bẹ̀, mọ̀, ṣà àti dùn ń wà lọ́dọ̀ obìnrin. Ẹ wo Àjàní àti Àdùnní dáadáa: méjèèjì ń sọ pé a ní ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin jẹ́ ìjà, a jà ká tó ní i, ti obìnrin jẹ́ adùn, ó dùn ún ní. Ìṣọ̀lá àti Ìyàndá ò gba ọ̀nà yìí rárá, Ì ló bẹ̀rẹ̀ wọn, ọkùnrin sì ni wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá oríkì tuntun fún ọmọkùnrin lè lo ètò yìí. Kó mú ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ sáàárín, kó fi olóhùn òkè parí rẹ̀. À-pè-dé dára: ọmọ tí a pè tó sì dé. Àfẹ́mú ò ní dún létí bí oríkì ọkùnrin, torí "fẹ́" ti gbé ohùn sókè láàárín, ó wá ń dún bí Àjíkẹ́. Bí ohùn bá sì tọ́, ọ̀rọ̀ ṣì kù, torí orúkọ tuntun lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. À-gbà-bọ́ bá ètò mu láti orí dé ìdí, àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà tọ́ ló ń jẹ́ àgbàbọ́ lẹ́nu gbogbo wa. Bàbá tó bá sọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti dá àlàyé sílẹ̀ tí ọmọ náà á máa ṣe títí ayé.

Ó wá ku Ọ̀ṣúntókun. Gbólóhùn odindi ni: Ọ̀ṣun tó òkun. Ohùn àárín ló wà ní ìparí Ọ̀ṣun, àmọ́ nínú orúkọ yìí ó gòkè di Ọ̀ṣún, nítorí olùwà gbólóhùn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọmọ" ṣe ń di "ọmọ́" nígbà tí a bá ní "ọmọ́ dé", tí akin sì ń di Akín nínú Akíndélé. Lẹ́yìn èyí ni ìpajẹ: "tó" pàdé "òkun", fáwẹ̀lì kan bọ́, ohùn òkè "tó" sì dúró, ó di "tókun". Ẹ fi wé Adétòkunbọ̀. "Ti òkun bọ̀" nìyẹn, ohùn ìsàlẹ̀ òkun ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ló ya ẹni tó tó òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti òkè òkun bọ̀.

Ibi tí fífi Olú rọ́pò Ọ̀ṣun ti bàjẹ́ ni pé ìyìn tó wà nínú orúkọ náà dojú rú. Odò ni Ọ̀ṣun, ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí létí òkun. Kí a sọ pé odò tó òkun, a gbé e ga nìyẹn. Olú tí wọ́n fẹ́ fi sí i, Olúwa ni wọ́n ní lọ́kàn, Ẹni tí wọ́n gbà pé ó dá òkun. Kí a ní Ó tó òkun, a rẹ̀ Ẹ́ sílẹ̀ ni. Ọ̀ṣúndáre lè di Olúdáre, Ọ̀ṣúnkúnlé lè di Olúkúnlé, kò sóhun tó ṣe wọ́n, torí ìdáláre àti kíkún ilé kò so mọ́ omi. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ kí ẹni tó ń pààrọ̀ orúkọ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òrìṣà. Èmi ò tiẹ̀ rò pé gbogbo Olú tó wà nínú orúkọ àtijọ́ ni Olúwa. Olú ń jẹ́ olórí, ó ń jẹ́ ọba. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tí ìtàn sọ pé ó bá Láròóyè tẹ ìlú yìí dó, "olú tì mí lẹ́yìn" ni. "Mí" pàdé "ẹ̀hìn", ohùn òkè dúró, ó di "mẹ́hìn". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "y" rọ́pò "h" níbẹ̀ kó lè bá àkọtọ́ mu, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.

Nínú orúkọ àbíkú, àmì ohùn lè sọ ọ̀fọ̀ di ẹ̀fẹ̀. Kòsọ́kọ́, ẹni tó jọba Èkó láti 1845 sí 1851, "kò sí ọkọ́" lorúkọ rẹ̀: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ sàréè mọ́, kí ọmọ dúró. Bí ohùn ìparí bá bọ́ sílẹ̀, ó di pé kò sí ọkọ, bí ẹni pé obìnrin tí kò rílé ọkọ là ń sọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Málọmọ́, Kúkọ̀yí àti Igbókọ̀yí. Dúró tí gbogbo ayé fi mọ Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo tó fi eré oníṣe lókìkí tó sì kú ní 1978, inú ọ̀wọ́ orúkọ àbíkú yìí kan náà ló ti wá.

Orúkọ àmútọ̀runwá kò gba àríyànjiyàn púpọ̀, àbùdá ìbí ló ń sọ wọ́n. Òjó ni ọmọkùnrin tí ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn, kò bá òjò tó ń rọ̀ tan rárá. Ìgè, ẹsẹ̀ ló fi wáyé. Ìlọ̀rí, ìyá rẹ̀ ò tíì padà rí nǹkan oṣù tó fi lóyún rẹ̀. Sàlàkọ́ ni ọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú ìbòrí funfun, obìnrin irú rẹ̀ ni Tàlàbí. Ẹ ó rí àlà Ọbàtálá nínú orúkọ méjèèjì. Àwọn tó ń to orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa ka Ọ̀la mọ́ orúkọ ọlá, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó tẹ̀ lé Òní ni, Ọ̀túnla ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ní orúkọ táa ṣẹ̀dá láìtẹ̀lé ètò yìí ò lè dúró, kó rántí Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo tó kú ní 2011. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá ni orúkọ náà ń ṣe: ìbejì ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá rẹ̀ bí, òun nìkan ló ṣẹ́kù.

Fún ìdílé Ọ̀ṣúntókun, bí wọn ò bá fẹ́ Ọ̀ṣun mọ́, Ọlátókun ni màá dámọ̀ràn. Ọlá lè tó òkun, ìyìn ni. Adétókun náà dún dáadáa, àmọ́ ẹni tí kò wá láti ìdí adé ń pè wàhálà ni. Kí wọ́n rí i pé akọ̀wé fi àmì òkè sórí "tó" nínú ìwé ìbí, torí bó bá kọ ọ́ lásán, Tòkunbọ̀ ni wọ́n máa pe ọmọ náà níléèwé.