Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí èèkù ìbọn oníná lésà tí àbúrò mi fẹ́ rà

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kábbà

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan tó máa ń tì ní nǹkan bí aago 11 alẹ́. Nítorí èyí ló ṣe ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tó ń gba ọta 5, tó sì ń fi í há ìbàdí lábẹ́ ẹ̀wù. Ó ti di ẹni ọdún 56 báyìí. Bí ó bá na ìbọn náà, ṣóńṣó tó wà lórí ẹnu rẹ̀, èyí tí a fi ń wo ọ̀gangan, ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀. Bí ó bá sì wọ awò ìkàwé, ṣóńṣó náà á hàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò ní hàn dáadáa mọ́.

Wọ́n wá júwe èèkù kan fún un, irú èyí tí Crimson Trace ń ṣe. Wọ́n á tú èèkù tó bá ìbọn wá, wọ́n á fi èyí rọ́pò rẹ̀. Bí èèyàn bá ti dì í mú, ìka àárín á tẹ bọ́tìnnì tó wà níwájú rẹ̀, iná pupa á sì yọ lọ bà lé ibi tí ìbọn kọjú sí. Owó rẹ̀ kò kéré. Nítorí pé ọdẹ ni bàbá wa, ó rò pé mo mọ̀ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣakabùlà lásán ni bàbá wa lò dọ́jọ́ ikú. Ṣé kí ó rà á? Ó tún ní òun á mú ìbọn náà bọ̀ wálé ní Kérésì nítorí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọmọ Mopa, Dallas

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo ní irú rẹ̀, mo sì lè sọ pé fún ojú tó ti ń dàgbà, ó wúlò, torí pé ibi tí ọta ń lọ lèèyàn á tẹjú mọ́, kò ní máa wá ṣóńṣó kiri. Kì í sì í gba àpò ìbọn tuntun, bí ti àwọn lésà tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ẹnu ìbọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé tèmi lọ síbi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, mo tẹ bọ́tìnnì títí, n kò rí iná kankan. Mo ti ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi kí n tó rí i pé ìka ìlábẹ̀ mi, tí mo nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ló bo ojú ibi tí iná ń gbà yọ. Ẹ̀gbẹ́ ni iná yẹn wà, kò sí nínú ihò ọta, nítorí náà ọ̀nà iná àti ọ̀nà ọta kò lè pàdé ju ibì kan lọ. Kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín kan ni wọ́n fi ń yí ìdè kéékèèké méjì láti tò ó. Mo to tèmi sí nǹkan bíi mítà 7. Bí ohun tí mo wò bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún máa pínyà díẹ̀díẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán, iná pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá. Ti àwọ̀ ewé sàn jù ú lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yára jẹ bátìrì. Ìdọ̀tí òwú ẹ̀wù náà á sì máa dí ojú rẹ̀, kí ó máa nù ún.

Bàbá Ọdẹ, Ìyàrá

Olùkọ́, n kò mọ lésà, iná orí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àbúrò yín bóyá àmì iná yẹn á dúró sójú kan. Kò lè dúró, nítorí ọwọ́ èèyàn kì í dúró. Ẹni tó bá ń retí kí ó dúró ni yóò já ìfà ìbọn gbà lójijì, ọta á sì lọ síbòmíràn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bàbá mi á gbé kọ́bọ̀ onihò lé orí ẹnu ìbọn tí kò ní ẹtù nínú, á ní kí n fà á. Kọ́bọ̀ yẹn jábọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó gbà láti jókòó.

Agbẹjọ́rò, Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ó má mú un wá o. Nínú òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tó ti wà láti ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí a kà léèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ láti ní in. Ìbọn ọdẹ tí àwọn ọlọ́pàá ń fún èèyàn níwèé fún kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó bófin mu ní Texas lè sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n níbí, ì báà jẹ́ pé kò yọ ọ́ nínú àpótí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kábbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pè é lórí fídíò, ó sì ti gbà pé ìbọn kò ní kúrò ní Houston. Ó yá èèkù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó kó gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, ó fi hàn mí kí n rí i: àmì pupa náà ń rìn yí ká aago ara ògiri bí eṣinṣin, nígbà tó sì fa ìfà, ó fò kúrò lára aago pátápátá. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ti kọ́bọ̀ fún un.

Ó ku ẹyọ kan, ọmọ Mopa: ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ọmọ Mopa, Dallas

Á, sà, ó dára tí ẹ sọ ọ́. Apá ọ̀tún ni iná tèmi wà, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì máa bọ́ síbẹ̀. Kí ó dì í mú ní ṣọ́ọ̀bù bí yóò ṣe máa dì í mú gan-an, kí ó tó sanwó.