Níbo la lè kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan wà n'Ífẹ̀ níbí tá a yọ̀ǹda ara wa fún Ubuntu (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), a máa ń bá àwọn èèyàn gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, pàápàá lóṣù kẹrin àti ìkẹwàá tí ẹ̀dà tuntun bá jáde. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ OAU ló pọ̀ jù nínú wa, tẹ́ni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ bá ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, kò sẹ́ni tó mọ páswọ́ọ̀dù ímeèlì ẹgbẹ́ mọ́, ó sì ń dùn mí. A gbìyànjú WhatsApp, ọ̀rọ̀ pàtàkì ń sọnù sáàárín "ẹ káàárọ̀". Ìwé nọ́ótì náà, ọwọ́ ẹnìkan ló ń wà. Wiki, ìyẹn ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa lè jọ máa kọ, wù mí, ṣùgbọ́n dátà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti darí irú ẹgbẹ́ báyìí, ibo lẹ̀ ń kó àkọsílẹ̀ sí táwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń rí i lò? Ẹ má bínú pé ó gùn, mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.