Dísìkì bíréèkì wo ló yẹ Nissan 350Z?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ bíréèkì. Ọdún 2004 ni ọkọ̀ náà, Àbújá ló wà. Dísìkì iwájú fẹ̀ ní mìlímítà 296, ó nípọn ní 24. Bí mo bá tẹ bíréèkì lórí eré 120, pàápàá lọ́nà Lokoja, sítíárìn á máa gbọ̀n. Mo ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù, ibi tí dísìkì ń jókòó sí, kúrò kí n tó fi dial gauge, irinṣẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yẹ̀, wọn dísìkì náà, torí ìpẹtà tó bá há sẹ́yìn dísìkì lè mú kí tuntun pàápàá máa yẹ̀. Tọ̀tún ṣì yẹ̀ ní mìlímítà 0.14. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ìwọ̀n tín-ín-rín ìpẹ̀kun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Mi ò ní fá a.

Bíréèkì Brembo tó bá àwọn 350Z kan wá ni mo fẹ́: 324 nípọn 30 níwájú, 322 nípọn 22 lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti lò ó pẹ̀lú ríìmù ínṣì 17 rí, àlàfo mélòó ló kù láàárín kálípà (apá tó ń fi páàdì fún dísìkì) àti ríìmù? Ìwọ̀n gan-an ni mò ń wá, kì í ṣe “ó máa wọ̀”. Ṣé mo lè ṣe iwájú nìkan ná? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé iwájú á máa gbà ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀yìn ò sì ní ṣiṣẹ́ tó.

Dísìkì tó ní ihò máa ń sán létí ihò bó bá gbóná púpọ̀, nítorí náà èyí tó ní ilà ló wù mí. Ṣé eruku ọyẹ́ kì í mú kí onílà yìí tètè jẹ páàdì?