Aró wo ni kí n lò fún ibi ìdámọ̀ ojú nínú ọpọlọ ọ̀bọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí máásítà mi dá lórí ọpọlọ ọ̀bọ macaque. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ọpọlọ Doris Tsao, Winrich Freiwald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé, ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ń dá ojú mọ̀, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì tó ń dáhùn sí àwòrán ló fẹ́ràn ojú ju ohun mìíràn lọ. Ohun ìyanu gbáà ni! Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe tò gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Ọpọlọ tó wà lọ́wọ́ mi kò wọ ẹ̀rọ MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ) rí nígbà tí ọ̀bọ náà wà láàyè, nítorí náà n kò mọ ibi tí ibi ìdámọ̀ ojú wà nínú rẹ̀. Mo ti rẹ àwọn ègé kan láró Nissl, tó ń fi ara sẹ́ẹ̀lì hàn: ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà èèpo ọpọlọ hàn kedere, ṣùgbọ́n n kò rí ààlà kankan tó ya ibi ìdámọ̀ ojú sọ́tọ̀. Mo tún ro ti àwọn gegele kéékèèké inú STS (kòtò gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ), tí Arcaro, Livingstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 2020 sọ pé ó ń tọ́ka sí ibi ìdámọ̀ ojú. Àmọ́ àwọn ọ̀bọ tí wọ́n tọ́ láìjẹ́ kí wọ́n rí ojú rárá ní gegele yìí, wọn kò sì ní ibi ìdámọ̀ ojú. Nítorí náà, gegele nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ègé tó kù kò pọ̀. Aró kan péré ló lè gbà. Ṣé ti myelin (ọ̀rá tó bo okùn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ) ni kí n lò, àbí ti cytochrome oxidase (èròjà tó ń fi ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo agbára púpọ̀ hàn)?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.