Gbèdéke kọ́, àfojúbù ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ẹ ti ń kọ́ni lédè yìí kí n tó mọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀, àmọ́ "gbèdéke àkókò" tẹ́ ẹ ní káwa tá à ń ṣe frílánsì, tá à ń gbaṣẹ́ ṣe fúnra wa, máa pe iye àsìkò tá a rò pé iṣẹ́ máa gbà, kò bọ́ sí mi létí rárá. Gbèdéke ọjọ́ orí ńkọ́? Tó o bá ti kọjá ẹ̀, ó tán nìyẹn. Iṣẹ́ téèyàn ò tíì tú wò, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi gbèdéke sí i?

Ó ti kó bá mi rí. Mo kọ ọ́ sí oníbàárà kan ní Mọ́ńdè pé "gbèdéke ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta." Èmi ń wo Tọ́sìdeè, àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló ti ń béèrè iṣẹ́, ó ka Mọ́ńdè mọ́ ọn. Kò kúkú jẹ̀bi, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á nìyẹn, ṣebí ìjẹta tá à ń pè yìí, ọjọ́ méjì péré ló fi jìnnà sí òní. Ká má tíì sọ ti "ó tó ọjọ́ mẹ́ta" tá a fi ń kíra wa!

"Àfojúbù" lèmi fara mọ́. Ó ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀ pé ojú lòún fi bù ú. Ká ní tí iṣẹ́ ọ̀hún bá yá kánkán, wákàtí 6, bó ṣe sábà máa ń rí, 9, tó bá le, 18. PERT, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò àsìkò tí iṣẹ́ máa gbà, tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1958, ṣe ló máa sọ ti àárín di ìlọ́po mẹ́rin, á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, á pín in sí 6, ó di wákàtí 10. Ẹ wá kọ ọ́ sí wọn pé: "Wákàtí iṣẹ́ 10 ni mo fojú bù, ó lè tó 18 tí èsì yín bá pẹ́, tí mo bá dé ìdajì màá sọ ibi tó dé." Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jọ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ wá pè ní gbèdéke.

Ẹni tó ní "ìfojúbù" náà tọ̀nà láyè tiẹ̀, ìyẹn ni bíbù ẹ̀, àfojúbù lohun tí wọ́n bù. Màmá mi tó ń ránṣọ ò jẹ́ ṣi méjèèjì lò. Ohùn ìsàlẹ̀ ló sì wà lórí bù yẹn o, ẹ má gbé e sókè, kẹ́ ẹ má lọ fojú bú oníbàárà.

Ta ló tiẹ̀ ní ká máa pe oníbàárà ní "oníṣẹ́"? Èmi tí mò ń ṣe é wá ńkọ́?