Bébà pupa tó dorí kodò: ṣé mo ba fọ́tò mi jẹ́ ni?

ỌmọKàbà: Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì gba Àbújá lọ nígbà ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ká lè fi fóònù ya àṣà wọn. Mo ya ilẹ̀kùn kan tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: 福. Ó dorí kodò! Mo ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti ṣì í lẹ̀, mo bá yí i padà kí n tó gbé e síta. Ẹnìkan wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn àtùpà pupa tí mo yà lálẹ́ náà sì funfun báláú.

ÌyáMopa: Ọmọ mi, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. *Fú* ni ọ̀rọ̀ yẹn, ire ló túmọ̀ sí. Lédè wọn, *dào* ni kí nǹkan dorí kodò, *dào* náà ni kó dé, ohùn kan náà. Ire dé nìyẹn. Ṣé àwa náà kì í sọ pé obì ni yóò bi ikú?

Ayàwòrán_Ìsánlú: Tẹ ojú àtùpà gan-an lórí fóònù, oòrùn kékeré á yọ. Fà á wálẹ̀ títí wàá fi rí ìlà ara bébà rẹ̀. Má sì dúró dòru. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o yà á, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì dà bí aró.

ỌmọKàbà: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dá a padà bó ṣe wà. Màmá mi wò ó báyìí, wọ́n ní mo gbé fóònù sódì.