Alternator amp 120 lórí Hiace dísù: bẹ́líìtì ń han gooro, ó sì ń jẹ ara rẹ̀

Ohùn_Ìjẹ̀bú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ ìkéde ni mò ń wà. Tí ẹ bá gbọ́ "a ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde ìpapòdà bàbá wa" láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Àgọ́-Ìwòyè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn mi lẹ gbọ́. Hiace ni, ẹ́ńjìnnì 3L tó ń mu dísù. Ẹnu gbohùngbohùn mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, amplifier méjì, inverter kan, àti bátìrì 100Ah méjì lẹ́yìn ìjókòó.

Alternator tó bá ọkọ̀ wá (ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí, tó ń fi iná sí bátìrì), amp 60, kò gbé e. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ohùn mi á máa já bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Mo bá lọ sí Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, mo ra tòkunbọ̀ amp 120. Rewaya (oníná ọkọ̀) àdúgbò wa ló gbé e sí i. Ihò rẹ̀ kò bá bracket (irin tó gbé e dúró) mu, ó ki wọ́ṣà mẹ́ta bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Púlì tó wà lórí tòkunbọ̀ náà onílà wẹ́wẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ tèmi oníkòtò V méjì ni (bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni mo sì bá lórí rẹ̀ nígbà tí mo ra ọkọ̀). Ó yọ púlì àtijọ́, ó fẹ́ fi sórí tuntun, ihò púlì fẹ̀ ju ọ̀pá rẹ̀ lọ. Ó gé agolo mílíìkì, ó fi wé e, ó dè é.

Bẹ́líìtì méjì ti já láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́bú dúdú bo gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ti tan amplifier báyìí, igbe á ta. Mo ti fún un títí ó fi le bí awọ gángan tí wọ́n sá sóòrùn, kò gbọ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé púlì méjì wà lójú ìlà kan?

Ẹ̀n-ẹ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: láti ọjọ́ náà ni bíréèkì ti le. Mẹkáníìkì ní páàdì ni.

Rewaya_Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má wà á lọ ibì kankan. Kì í ṣe páàdì.

Ṣé ẹ rí ìdí alternator àtijọ́ yẹn, ohun roboto kan wà níbẹ̀ bí ìdérí ìkòkò kékeré, rọ́bà òróró méjì wọ inú rẹ̀, páìpù kan sì jáde lọ síbi booster bíréèkì (ohun tó ń bá ẹsẹ̀ yín ti bíréèkì)? Vacuum pump nìyẹn, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú booster. Ọ̀pá alternator náà ló ń yí i. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ inú booster jáde gba ibi tó ti ń mí, dísù irú èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Toyota fi so pump mọ́ ìdí alternator. Kí ni rewaya yín fi àwọn rọ́bà yẹn ṣe?

Ohùn_Ìjẹ̀bú:

Ó fi bóòtù dí ti òróró. Ó ká ti booster, ó fi wáyà dì í. Ó ní "jàǹkárìwọ̀ ni gbogbo ìyẹn." Àná ni mo fi ọkọ̀ yìí sọ̀kalẹ̀ níwájú ọjà Òkè-Àjé, tèmi tẹrù, èrò sì kún ọ̀nà bámúbámú. Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti gbé e kalẹ̀.

Kẹ́mi_Inú_Ẹ́ńjìnnì:

Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bẹ́líìtì méjì. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe ní Àpápá, ṣùgbọ́n púlì ni púlì.

Ọ̀rọ̀ agolo mílíìkì ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ẹ fi ẹfun sàmì sí etí púlì alternator, kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ agbádá o. Bí etí rẹ̀ bá ń jó, kò tíì sí ohun tí a lè wọ̀n. Ẹ mú alternator lọ sọ́dọ̀ onílééètì (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), kó gbẹ́ púlì tí ihò rẹ̀ bá ọ̀pá mu gẹ́lẹ́. Kó sì gbẹ́ bush irin (òrùka nínípọn) kan ṣoṣo dípò wọ́ṣà mẹ́ta yẹn. Wọ́ṣà tó gun ara wọn lórí máa ń sún, bóòtù á tú díẹ̀díẹ̀.

Ó kan ìlà. Ẹ wá rúlà irin gígùn tí kò tẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sójú púlì kíráǹkì (èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí) kó nà dé ọ̀dọ̀ alternator. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní "rúlà kan ojú méjèèjì, ó ti tọ́." Etí púlì kì í nípọn bákan náà! Kòtò ló ń gbé bẹ́líìtì, kì í ṣe ojú. Ẹ wọn ibi tí ojú púlì wà sí àárín kòtò rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti kíráǹkì bá jẹ́ 9mm, tí ti alternator jẹ́ 7mm, àlàfo 2mm gbọ́dọ̀ wà láàárín rúlà àti ojú alternator. Bí rúlà bá kàn án, a jẹ́ pé ẹ ti ṣì í ní 2mm nìyẹn. Èmi kì í gbà ju 1.5mm lọ.

Níbi tí fáànù kò bá ti jẹ́ kí rúlà wọlé, mo máa ń mú ọ̀pá irin tó gún régé, tó gba inú kòtò, mo á tẹ́ ẹ sínú kòtò alternator bíi pé òun ni bẹ́líìtì. Tí ẹnu ọ̀pá náà bá bọ́ sínú kòtò kejì láìfi ipá tì í, ó tọ́. Tó bá gun etí, ẹ óò rí i kedere bóyá ó sún síwájú ni àbí orí rẹ̀ ló tẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó fún bẹ́líìtì, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ fún un tán, torí bracket tó tín-ín-rín máa ń tẹ̀, alternator á wá tẹríba bí ọmọ tó ń kí àgbà.

Fífún wá ńkọ́? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tó gùn jù, kó wọlé tó bíi 10mm. Líle bí awọ gángan yẹn, bearing alternator àti ti water pump lẹ ń pa. Toyota kò sì gbẹ́ kòtò méjì fún ọ̀ṣọ́. Ẹ ra bẹ́líìtì méjì tó gùn bákan náà, ẹ wọ̀ wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Amp 120 lórí volt 14, watt 1,680 nìyẹn, alternator sì ń sọ apá tó pọ̀ di ooru. Agbára bí ẹṣin mẹ́rin lẹ ní kí bẹ́líìtì kan gbé.

Rewaya_Mọ́kọ́lá:

Àǹtí ti parí ti ìlà. Ohun kan ṣẹ́kù tó dùn mí sí i. Ẹ̀yin ń rìn tẹ̀lé òkú ni, ẹ kì í sáré. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì kíráǹkì tóbi ní ìlọ́po méjì ti alternator, alternator ń yí 1,600 nìyẹn. 120 tí wọ́n kọ sí i lára, ìgbà tó bá sáré dáadáa ni. Níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ lè máà rí ìdajì.

Ṣé AC ọkọ̀ yín ń ṣiṣẹ́?

Ohùn_Ìjẹ̀bú:

AC ti kú kí n tó rà á. Compressor ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé ó wúwo lọ.

Rewaya_Mọ́kọ́lá:

Ọ̀nà là wàyí. Ẹ dá alternator àtijọ́ padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú pump, kó máa bójú tó bátìrì ọkọ̀ àti bíréèkì. Ẹ yọ compressor, ẹ gbé amp 120 síbẹ̀, kó lo kòtò AC lára kíráǹkì, kó máa bọ́ bátìrì ẹ̀yìn nìkan. Kí onílééètì ṣe púlì rẹ̀ kéré díẹ̀, kó lè yí kíákíá, àmọ́ kó má kéré jù, bẹ́líìtì kò ní rí ibi dì mú. Wáyà 35mm² ni kẹ́ ẹ fà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń so iná ẹ̀yìn. Fíúsì súnmọ́ bátìrì, wáyà ilẹ̀ náà nípọn bákan náà. Bí nọ́ọ̀bù ìfàsókè ẹ́ńjìnnì bá wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fà á dé 1,000 nígbà tẹ́ ẹ bá ń kéde.

Ohùn_Ìjẹ̀bú:

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Mẹkáníìkì mìíràn ló dá pump padà. Ẹsẹ̀ kan péré, bíréèkì mú. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá bí ọmọdé.

Onílééètì gbẹ́ bush àti púlì, ó gba ọjọ́ méjì. Nígbà tá a kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀pá irin síbẹ̀, ó gun etí kòtò ní 4mm. A tún bush gé lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi ìka nu iwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ yìí, eruku pupa Ìjẹ̀bú nìkan ló wà níbẹ̀. Tí amplifier méjèèjì bá ń ké, bátìrì ẹ̀yìn ń ka volt 13.1, tí mo bá fa nọ́ọ̀bù, ó ń di 13.8. Tẹ́lẹ̀, 11.6 ni.

Agolo mílíìkì náà, nígbà tá a tú u, ó ti tín-ín-rín bí awẹ́ àlùbọ́sà. Mo gbé e lọ fi han rewaya wa. Ó wò ó títí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ẹ̀yin kì í kúkú ṣe ará àdúgbò.